Ìyá Ìyàwó Wà Nínú Àpótí

Ohun tí Ingvar Tveit sọ gan-an nìyí, kò sí ẹni tó bù mọ́ ọn, nítorí òun fúnra rẹ̀ ló ń tún un sọ káàkiri ìlú Petersburg ní Alaska títí ọjọ́ ikú rẹ̀. Ó gbé àpótí dúdú gígùn kan lé orí kọ́ńtà ní pápákọ̀ òfurufú Anchorage, ó ṣí fìlà, ó sì wí fún ọmọbìnrin tó wà níbẹ̀ pé:

"Káàárọ̀, ọmọ mi. Ìyá ìyàwó mi ló wà nínú àpótí yìí. Kodiak la jọ ń lọ. Inú wọn ṣófo, mo ti yẹ ọ̀fun wọn wò kí n tó kúrò nílé."

Marisol ni ọmọbìnrin náà ń jẹ́. Kò tíì pẹ́ tó kó wá sí Alaska láti Arizona, iṣẹ́ náà sì ṣẹ̀ṣẹ̀ ń yé e bọ̀ ni. Ó wo àpótí náà, ó rí i pé ó gùn ṣùgbọ́n kò fẹ̀. Ó wo bàbá onírùngbọ̀n funfun tó dúró níwájú rẹ̀, kò rí àmì ẹ̀rín kankan lójú rẹ̀.

"Bàbá, ìyá ta lẹ ní ó wà nínú ẹ̀?"

"Ìyá ìyàwó mi."

"Ṣé... ṣé wọ́n ṣì wà láàyè?"

"Wọ́n ti kú tipẹ́," ni Ingvar dá a lóhùn, "àmọ́ ọwọ́ wọn ṣì le dáadáa. Lọ́dún tó kọjá, àgbọ̀nrín mẹ́ta la jọ pa."

Marisol rọra fi ẹsẹ̀ sẹ́yìn, ó sì tẹ bọ́tìnnì tí wọ́n ti sọ fún un pé kò gbọdọ̀ tẹ̀ àfi tí ọ̀rọ̀ bá kọjá agbára rẹ̀. Ọlọ́pàá méjì dé. Wọ́n ní kí Ingvar jókòó sórí àga kan, kó má fọwọ́ kan nǹkankan. Ó jókòó, ó ká ọwọ́ mọ́ àyà, ó ní kí wọ́n pe Runa ní Petersburg, pé Runa mọ òun, ó sì mọ ìyá náà.

Runa Skeie ló ń gba ẹrù lọ́wọ́ àwọn èrò ní pápákọ̀ kékeré tó wà ní Petersburg. Òun ló gba àpótí yẹn láàárọ̀ ọjọ́ náà kí Ingvar tó gbéra. Nígbà tí fóònù dún, ó ń jẹ búrẹ́dì lọ́wọ́.

"Ẹ jọ̀ọ́, ṣé ẹ mọ ọkùnrin kan tó ń jẹ́ Ingvar Tveit?" ni ọlọ́pàá náà bi í.

"Mo mọ̀ ọ́n. Kí ló tún ṣe?"

"Ó ní ìyá ìyàwó òun wà nínú àpótí."

"Ṣé ó sọ pé inú wọn ṣófo?"

"Ó sọ bẹ́ẹ̀."

"Ṣé ó ti àpótí náà pa?"

"Ó tì í pa."

"Ó ti pa gbogbo òfin mọ́ nìyẹn. Ẹ jẹ́ kó máa lọ, ọkọ̀ máa fi í sílẹ̀."

Ìbọn ni, àbí kí ló tún lè jẹ́? Ní Petersburg, kò sí ẹni tí àpótí ìbọn ń yà lẹ́nu. Erékùṣù ni ìlú náà, kò sí ọ̀nà mọ́tò tó jáde níbẹ̀, ẹni tó bá fẹ́ lọ ṣọdẹ níbòmíràn, ọkọ̀ òfurufú ni yóò wọ̀, ìbọn rẹ̀ yóò sì wà nínú ẹrù tí wọ́n ń kó sí ikùn ọkọ̀. Tí oṣù kẹwàá bá wọlé, àpótí ìbọn a pọ̀ níwájú Runa ju báàgì lọ. Òfin rẹ̀ kò le. Kí ìbọn wà nínú àpótí líle, kí ọta má sí nínú rẹ̀, kí ẹni tó ni ín sọ lẹ́nu ara rẹ̀ níwájú kọ́ńtà pé ìbọn ni, kó ṣí i, kó fọwọ́ sí ìwé pélébé aláwọ̀ ọsàn kan, kó fi ìwé náà sínú àpótí, kó tì í pa. Ó parí. Ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo tí ẹnu èèyàn gbọdọ̀ sọ ni "ìbọn," ọ̀rọ̀ náà gan-an ni Ingvar kò sì jẹ́ sọ.

"Bàbá Ingvar, mo bẹ̀ yín," Runa á wí, "ẹ kàn sọ pé ìbọn ni. Kò lè pa yín lára."

"Tí wọ́n bá bi ọ́ pé kí lorúkọ ẹ, ṣé 'èèyàn' lo máa pè é?"

Bẹ́ẹ̀ ni wọ́n ṣe ń fà á lọ́dọọdún. Lọ́dọọdún náà ni Runa fúnra rẹ̀ ń mú gègé, tó ń kọ "ìbọn" sórí ìwé náà, tí Ingvar á sì fọwọ́ sí i, á wá ṣe bí ẹni pé òun kò rí ohun tí Runa kọ.

Orúkọ náà kì í kúkú ṣe yẹ̀yẹ́ lásán. Màmá Magnhild, ìyá Alma ìyàwó rẹ̀, ló ni ìbọn náà tẹ́lẹ̀. Obìnrin gíga ni, ọ̀rọ̀ kì í pọ̀ lẹ́nu rẹ̀. Ọjọ́ tí Ingvar kọ́kọ́ wá sọ pé òun fẹ́ fẹ́ Alma, Màmá gbé ìbọn yìí lé e lọ́wọ́, ó ní kó yìn ín. Ó yìn ín, ìdí ìbọn náà kọ lu èjìká rẹ̀, ó sì jókòó sínú pọ̀tọ̀pọ́tọ̀. Màmá ní, "Ìyẹn náà dáa. O ò sọ ọ́ sílẹ̀." Láti ọjọ́ náà ni Ingvar ti ń pe ìbọn ní Ìyá Ìyàwó, ó ní àwọn méjèèjì wúwo, wọn kì í tàsé, wọ́n sì máa ń gbá ẹni tí kò bá fi ọ̀wọ̀ dì wọ́n mú.

Ọmọ méjì ni Màmá bí, Alma àti Eskil. Eskil ti kó lọ sí Kodiak lọ́hùn-ún, ó ń pa akàn lójú òkun, kò níyàwó, kò lọ́mọ. Nígbà tí Màmá ń kú lọ, gbogbo ayé rò pé ọmọkùnrin rẹ̀ ni yóò jogún ìbọn. Ó fún Ingvar. Ó ní Eskil kì í nu nǹkan. Ṣùgbọ́n ó fi àṣẹ kan tì í: lọ́dọọdún, kí oṣù kẹwàá tó parí, Ingvar gbọdọ̀ gbé ìbọn náà dé ọwọ́ Eskil ní Kodiak, kí àwọn méjèèjì jọ fi ṣọdẹ fún ọ̀sẹ̀ kan. Ọdún tí oṣù kẹwàá bá parí tí ìbọn kò tíì débẹ̀, ó di ti Eskil títí láé.

Eskil bínú, ìbínú náà sì le. Lọ́dún àkọ́kọ́, ó wá dúró ní pápákọ̀ Kodiak, kì í ṣe pé ó fẹ́ pàdé àna rẹ̀, ó fẹ́ fojú ara rẹ̀ rí i pé kò wá ni. Nígbà tí Ingvar sọ̀kalẹ̀, Eskil wò ó, ó ní, "Mo rò pé o ti kú." Ìrètí wà nínú ohùn rẹ̀.

"N kò tíì ráyè," ni Ingvar dá a lóhùn.

Ìkíni wọn nìyẹn láti ọjọ́ náà. Wọn kò bọ ara wọn lọ́wọ́ rí, wọn kò béèrè àlàáfíà ara wọn rí. Eskil á ní, "Mo rò pé o ti kú," Ingvar á ní, "N kò tíì ráyè," wọn á sì jọ wọ mọ́tò Eskil lọ sílé. Bí ọdún ṣe ń gorí ọdún, ìrètí yẹn kúrò nínú ohùn Eskil díẹ̀díẹ̀, ó wá ku ọ̀rọ̀ náà nìkan. Ingvar ló sọ èyí fún Runa, ó sì sọ ọ́ bí ẹni tó ń fi ife ẹ̀yẹ hàn án.

Ẹni tó bá rò pé Ọlọ́run ló fi òfin sẹ́nu Ingvar kò jẹ̀bi. Ó ti ka ìwé òfin gbígbé ìbọn wọ ọkọ̀ òfurufú ju ẹni tó kọ ọ́ lọ. Ó rí i níbẹ̀ pé ẹni tó ni ìbọn nìkan ló gbọdọ̀ ní kọ́kọ́rọ́ àpótí lọ́wọ́, ó sì fi okùn so kọ́kọ́rọ́ náà kọ́rùn. Lọ́dún kan ní Juneau, ọ̀gá ẹ̀ṣọ́ kan ní kó mú un wá kí òun fi ṣí àpótí.

"Òfin ní èmi nìkan," ni Ingvar wí.

"Bàbá, èmi gan-an ni òfin tẹ́ ẹ̀ ń wí yẹn."

"Tó bá jẹ́ pé ìwọ ni òfin, ó yẹ kó o mọ ohun tó wà nínú ara ẹ."

Wọ́n wo ara wọn títí. Níkẹyìn wọ́n gbà pé kí Ingvar fọwọ́ ara rẹ̀ ṣí i, kí ọ̀gá náà máa wòran. Ó ṣí i. Ọ̀gá yẹ̀ ẹ́ wò, ó ní ìbọn náà mà dára o, ó ní irú rẹ̀ wà lọ́wọ́ bàbá òun nígbà kan. Wọ́n wá jókòó sórí bẹ́ńṣì, wọ́n ń sọ̀rọ̀ àgbọ̀nrín, ọkọ̀ sì fẹ́rẹ̀ẹ́ gbéra láìmú Ingvar.

Kọ́kọ́rọ́ ọrùn yẹn ló fa wàhálà mìíràn, nítorí gbogbo ẹnu ọ̀nà tó bá gbà ní pápákọ̀, ẹ̀rọ á ké lé e lórí. Ó sú u. Ó lọ ra àgádágodo kan tí kì í lo kọ́kọ́rọ́, nọ́ńbà mẹ́rin lèèyàn máa yí kó tó ṣí. Ó gbé e dé ọ̀dọ̀ Runa, inú rẹ̀ ń dùn.

"Ọjọ́ ìbí Alma ni mo fi sí i," ló wí, "kí n má bàa gbàgbé."

"Ó dáa bẹ́ẹ̀. Ẹ ṣí i kí n rí inú ẹ̀."

Ingvar yí i síwájú. Ó yí i sẹ́yìn. Ó wo òkè, ó tún yí i. Àwọn èrò ti tò sẹ́yìn rẹ̀ títí dé ẹnu ilẹ̀kùn.

"Bàbá Ingvar," Runa rẹ ohùn sílẹ̀, "ẹ má sọ fún mi pé..."

"Inú ìwé nílé ni mo ti wò ó. Ìgbà ẹ̀ẹ̀rùn ni. Èyí tí mo mọ̀ nìyẹn. A máa ń jẹun níta."

Kò sí ohun tí wọ́n tún lè ṣe. Runa tẹ fóònù, ó gbé e fún un. Gbogbo ìlà náà na etí.

"Alma, olólùfẹ́ mi," ni Ingvar wí, "kò sí wàhálà kankan o. Mo kàn ní kí n bi ọ́ ni. Ọjọ́ wo gan-an ni wọ́n bí ọ?"

Fóònù náà kú. Ingvar gbé e sílẹ̀ jẹ́jẹ́. Kò pẹ́ tí ilẹ̀kùn ṣí, Alma wọlé pẹ̀lú bàtà rọ́bà àti épírọ́ọ̀nù, ìpẹ́ ẹja ṣì lẹ̀ mọ́ apá rẹ̀, nítorí ibi tí wọ́n ti ń ṣe ẹja alágolo ló ń ṣiṣẹ́. Kò kí ẹnikẹ́ni. Ó yí nọ́ńbà mẹ́rẹ̀ẹ̀rin, àgádágodo ṣí, ó wo ojú ọkọ rẹ̀.

"Gbogbo ọdún wọ̀nyí, Ingvar," ló wí, ó sì padà síbi iṣẹ́. Runa rí ọkùnrin méjì lẹ́yìn ìlà tí wọ́n ń fi ìka ka nǹkan jẹ́jẹ́, àwọn náà ń wá ọjọ́ ìbí ìyàwó wọn rántí.

Láti ìgbà náà, Alma ní kò gbọdọ̀ yí nọ́ńbà náà padà láé. Ẹ̀bùn mẹ́ta ni Ingvar sì ń fún un lọ́dọọdún: ọ̀kan ní ọjọ́ tó ṣáájú ọjọ́ ìbí rẹ̀, ọ̀kan lọ́jọ́ náà gan-an, ọ̀kan lọ́jọ́ kejì, kó má bàa ṣìnà.

Ọdún ẹja sámọ́nì náà tún wà níbẹ̀. Inú àpótí ìbọn ní tìmùtìmù kan tí kì í jẹ́ kí ìbọn máa gbá síhìn-ín sọ́hùn-ún. Ingvar yọ tìmùtìmù náà dànù, ó fi ẹja sámọ́nì yíyan rọ́pò rẹ̀ yí ìbọn ká, ó ní Eskil kì í rí ojúlówó ẹja yíyan jẹ ní Kodiak. Runa ní kò bójú mu. Ingvar ní kí Runa fi ibi tí òfin ti sọ pé ẹja kò gbọdọ̀ sùn ti ìbọn han òun. Runa wá a, kò rí i.

Nígbà tí àpótí dé Kodiak, epo ti ń ro lára rẹ̀. Ajá kan tẹ̀ lé e láti ibi tí wọ́n ti ń gba ẹrù, ó tẹ̀ lé mọ́tò Eskil dé ilé, ó sì jókòó sẹ́nu ọ̀nà.

"Ìyá mi ń rùn," ni Eskil wí nígbà tó ṣí i.

"Ẹja ni."

"Mo ní ìyá mi ń rùn, Ingvar."

Ó gbé ìbọn náà lé itan, ó mú aṣọ, ó bẹ̀rẹ̀ sí í nù ún. Ó nù ún lálẹ́ ọjọ́ náà, ó nù ún lọ́jọ́ kejì, ó ń ráhùn, ó sì ń jẹ ẹja náà bó ṣe ń nu ìbọn, títí ìbọn fi ń dán, tí ẹja sì tán. Ingvar jókòó ní òdìkejì, ó ń mu kọfí. Nígbà tó padà dé, ó fara ti kọ́ńtà Runa, ó ní, "Ẹni tí Màmá sọ pé kì í nu nǹkan." Ó ń rẹ́rìn-ín sínú irùngbọ̀n. Títí dòní, Runa kò mọ̀ bóyá ó mọ̀ọ́mọ̀ ṣe é ni.

Ibi tí ọ̀ràn ti fẹ́rẹ̀ẹ́ bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀ ni ọdún kùrukùru. Ingvar ti fi ìrìn àjò náà falẹ̀ jù nítorí ọkọ̀ ojú omi rẹ̀ tó ń tún ṣe, oṣù kẹwàá sì ń lọ sópin. Kùrukùru bo Petersburg, ọkọ̀ òfurufú kò lè bà. Ojoojúmọ́ ló ń gbé Ìyá Ìyàwó wá, ojoojúmọ́ ló ń gbé e padà. Runa bẹ̀rẹ̀ sí í rí i pé ojú rẹ̀ ti yí padà, kò ṣẹ̀fẹ̀ mọ́.

"Ẹ jẹ́ kí n fi fóònù bá Bàbá Eskil sọ̀rọ̀," Runa wí. "Èèyàn ni wọ́n. Wọ́n á gbà pé ojú ọjọ́ ni."

"Á gbà," ni Ingvar wí. "Ohun tó ń bà mí lẹ́rù gan-an nìyẹn. Tó bá gbà lọ́dún yìí, lọ́dún tó ń bọ̀ yóò ní kí n má ṣe wàhálà. Lẹ́yìn ìyẹn, a ò ní rí ara wa mọ́."

Lọ́jọ́ tó kẹ́yìn nínú oṣù náà, kùrukùru là, ọkọ̀ dé, ṣùgbọ́n àwọn tí kò rí ọkọ̀ wọ̀ láti ọjọ́ wọ̀nyí ti gba gbogbo ìjókòó. Runa ní òun yóò kéde bóyá ẹnìkan lè yọ̀ǹda tirẹ̀. Ingvar ní òun kì í bẹ̀bẹ̀. Dípò bẹ́ẹ̀, ó jókòó sáàárín àwọn èrò, ó bẹ̀rẹ̀ sí í sọ ìtàn àgbọ̀nrín tí òun àti Eskil lé gun òkè kan nínú òjò.

Ìtàn náà gùn. Kí àgbọ̀nrín tó fara hàn, Ingvar ti sọ irú bàtà tí àwọn méjèèjì wọ̀, ẹni tó tà á fún wọn, àti ìdí tí ìyàwó ẹni náà fi kọ̀ ọ́ sílẹ̀. Nígbà tí wọ́n gun òkè dé àárín, ó rántí ohun kan, ó ní kí wọ́n jẹ́ kí àwọn padà sísàlẹ̀ ná. Ọkùnrin kan tó ń ta ẹ̀rọ ọkọ̀ ojú omi dìde, ó lọ bá Runa ní kọ́ńtà.

"Ṣé bàbá yìí máa wọ ọkọ̀ tí èmi fẹ́ wọ̀?"

"Àfi tí ẹnìkan bá yọ̀ǹda ìjókòó fún wọn."

"Ẹ fún wọn ní tèmi," ni ọkùnrin náà wí. "Èmi á máa lọ lọ́la, ní ìdákẹ́jẹ́ẹ́."

Ìyá Ìyàwó dé Kodiak lálẹ́ ọjọ́ náà, oṣù kò tíì parí. Eskil ti wà ní pápákọ̀ láti ọ̀sán. Ingvar ní nígbà tó sọ pé "Mo rò pé o ti kú" lọ́jọ́ náà, ohùn rẹ̀ gbọ̀n.

Ingvar kú ní ọdún mélòó kan lẹ́yìn ìyẹn, nínú oṣù kẹsàn-án, lórí àga tó wà níwájú ilé rẹ̀ tó kọjú sí èbúté. Ife kọfí wà lọ́wọ́ rẹ̀, kọfí náà kò dà. Níbi ìsìnkú, Pásítọ̀ sọ̀rọ̀ dáadáa, ó ní Arákùnrin Ingvar ti gbéra ìrìn àjò ìkẹyìn, kò sì gbé ẹrù kankan dání.

"Irọ́ ni," Alma sọ lábẹ́ ohùn sétí Runa. "Ẹrù ẹ̀ wà lábẹ́ bẹ́ẹ̀dì mi."

Ẹ̀rín pa Runa lójú agbo ìsìnkú, ó fi aṣọ bo ẹnu, àwọn èèyàn rò pé ẹkún ni. Ó tún wá jẹ́ ẹkún lóòótọ́.

Eskil kò lè wá síbi ìsìnkú, ìjì kò jẹ́ kí ọkọ̀ kankan kúrò ní Kodiak. Oṣù kẹwàá wọlé. Àwọn ará ìlú ń sọ pé ọ̀rọ̀ ìbọn ti parí, kí Alma jẹ́ kí oṣù parí, kí ìbọn di ti Eskil, àbí òun kọ́ lọmọ? Kò sì sí ẹni tó máa gbé e lọ, nítorí egungun ìbàdí Alma ti bàjẹ́, kò lè jókòó pẹ́ nínú ọkọ̀. Nígbà tí oṣù ń lọ sópin, Alma ti ọ̀pá wọ pápákọ̀, ọmọ aládùúgbò kan ń bá a gbé àpótí dúdú bọ̀ lẹ́yìn.

"Runa, kì í ṣe ìbọn ni mò ń du," ló wí. "Tó bá ti di ti Eskil, kò ní sí ohun tó máa gbé ẹnikẹ́ni dé ibẹ̀ mọ́. Á jókòó síbẹ̀ pẹ̀lú òjò, kò ní rí ẹni bú. Màmá mọ ohun tó ń ṣe. Ìbọn kọ́ ló fún Ingvar, Eskil ló fún un."

Runa wo àpótí náà fúngbà díẹ̀. Lẹ́yìn náà, ó bọ́ káàdì iṣẹ́ tó fi kọ́rùn, ó jáde kúrò lẹ́yìn kọ́ńtà, ó yípo wá síwájú rẹ̀, ó sì ní kí ẹnì kejì rẹ̀ níbi iṣẹ́ já tíkẹ́ẹ̀tì fún òun.

"Ṣé ẹ rántí nọ́ńbà ẹ̀?" ló bi Alma.

"Ọjọ́ ìbí mi ni," ni Alma wí. "Ní ìgbẹ̀yìn ọjọ́ ayé ẹ̀, òun náà ti mọ̀ ọ́n."

Ní Anchorage, níbi tí wọ́n ti ń bọ́ sínú ọkọ̀ mìíràn lọ Kodiak, Marisol ló wà ní kọ́ńtà. Ó ti di ọ̀gá níbẹ̀, irun rẹ̀ ti ní ewú díẹ̀. Ọwọ́ rẹ̀ dí, kò gbé ojú sókè.

"Kí ló wà nínú àpótí?"

Runa ti bi ẹgbẹẹgbẹ̀rún èèyàn ní ìbéèrè yẹn, ó mọ ìdáhùn tó yẹ. Ó la ẹnu láti sọ ọ́. Ọ̀rọ̀ náà kò jáde.

"Ìyá ìyàwó ni," ló wí. "Inú wọn ṣófo. Mo ti yẹ ọ̀fun wọn wò."

Ọwọ́ Marisol dúró. Ó wo àpótí náà, ó wo Runa.

"Bàbá ńkọ́?"

Runa mi orí. Marisol mú ìwé aláwọ̀ ọsàn jáde, ó sì kọ ohun tó yẹ kó kọ síbẹ̀ fúnra rẹ̀, kó má bàa di pé Runa ni yóò kọ ọ́. "Lọ́dọọdún ni bàbá máa ń bi mí bóyá mo ṣì ń bẹ̀rù ìyá ìyàwó àwọn," ló wí. Nígbà tí wọ́n ti àpótí náà pa tán, kò tì í sórí bẹ́líìtì bó ṣe ń ṣe àwọn yòókù, ó fi ọwọ́ méjèèjì gbé e, bí ẹni gbé ọmọ tó ti sùn.

Òjò ń rọ̀ ní Kodiak. Eskil dúró síbi tí ẹrù ti ń jáde, fìlà rẹ̀ rin gbingbin, ó ti rù ju bí Ingvar ṣe ń ròyìn rẹ̀ lọ. Alma ti fi fóònù sọ fún un pé àpótí ń bọ̀, kò sọ ẹni tó ń gbé e bọ̀. Runa rí i tó ń wo ẹnu ọ̀nà tí àwọn èrò ń gbà jáde, ó ń wo ẹni kọ̀ọ̀kan, títí ẹni tó kẹ́yìn fi jáde. Runa gbé àpótí náà, ó lọ dúró síwájú rẹ̀.

Ojú Eskil bọ́ sórí àpótí. Ẹnu rẹ̀ sì sọ ohun tó ti mọ́ ọn lára láti sọ nígbàkigbà tó bá rí i.

"Mo rò pé o ti..."

Ó dúró. Runa rí i pé kò lè parí rẹ̀, kò sì lè gbé e mì.

"Wọ́n ti ráyè, Bàbá Eskil," ló wí.

Eskil wò ó bí ẹni tí kò gbọ́. Lẹ́yìn náà ni ẹ̀rín bẹ̀rẹ̀ ní ìsàlẹ̀ ikùn rẹ̀, ẹ̀rín kékeré tó ń mì í léjìká, ó di ńlá, ó sì di ohun tí kì í ṣe ẹ̀rín mọ́. Ó di kọ́ńtà tó wà nítòsí mú, ó fi apá ẹ̀wù nu ojú. Runa náà ń sunkún, kò tiẹ̀ fi pamọ́. Nígbà tó yá, Eskil na ọwọ́ gba àpótí, ó gbé e sókè, ó gbóòórùn rẹ̀.

"Alma ti kó ẹja sí i."

"Díẹ̀ ni."

"Ìyá mi tún ń rùn," ló wí, ó sì dì í mọ́ra.

Wọ́n jáde sínú òjò. Eskil gbé àpótí sínú mọ́tò, ó jókòó sídìí ọkọ̀, kò tíì tan án. Ó ń wo iwájú.

"Ọ̀sẹ̀ kan," ló wí. "Lẹ́yìn náà, kó o gbé wọn padà sílé. Èmi kì í nu nǹkan. Lọ́dún tó ń bọ̀, kí oṣù kẹwàá tó parí, kó o gbé wọn wá."

"Tí n kò bá wá ńkọ́?"

"Màá rò pé o ti kú."

Runa fi ẹ̀yìn ọwọ́ nu ojú. Ó ní òun yóò gbìyànjú kí òun má ráyè.